Ìdí Ọgbà Eèsún: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ààfin Buganda ní 1886

Ní àárọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1886, Mwanga Kejì, ọba Buganda, ìjọba kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Uganda lónìí, pe gbogbo àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ààfin rẹ̀ jọ sí Munyonyo, létí adágún ńlá tí àwọn òyìnbó sọ ní Victoria. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí ẹni tí kì í gbàdúrà wá dúró lọ́dọ̀ òun, kí ẹni tó ń gbàdúrà bọ́ sí ọ̀hún, sí ìdí ọgbà eèsún.

Charles Lwanga, olórí àwọn ọmọ náà, ló kọ́kọ́ ṣísẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 26 lọ. Ó fa Kizito lọ́wọ́, ọmọ ọdún 14 péré, àwọn méjèèjì sì rìn lọ sí ìdí ọgbà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba bi wọ́n bóyá wọn yóò ṣì máa bá àdúrà náà lọ. Wọ́n ní títí dójú ikú ni. Ọba ní ó dáa, kí wọ́n lọ sun wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí mo rí i pé bí a ti ń sọ ìtàn náà nílé ìjọsìn, a máa ń sọ ọ́ bíi pé ọba burúkú kan kàn dìde lójọ́ kan, ó ní òun kórìíra Jésù. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí mo fẹ́ ká mú dání bí a ti ń lọ. Ọ̀kan ni inúnibíni, èyí tí Bíbélì wa ń lò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún: inú wà níbẹ̀, bíbí wà níbẹ̀. Ẹni tí inú ń bí ni ọ̀rọ̀ yẹn ń wò, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Èkejì ni ajẹ́rìíkú, èyí tí àwọn Kátólíìkì wa fi ń pe irú àwọn ọmọ Munyonyo yìí: ẹni tó jẹ́rìí títí ikú fi dé. Ìyẹn ò wo ẹni tó ń bínú rárá. Ènìyàn lè rí inúnibíni kó má jẹ́rìí kankan. Àwa náà kúkú mọ̀. Ẹni tó ṣe ìṣọ́ òru, tó wá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí ọ̀gá sì yọ nínú owó oṣù rẹ̀, á ní inúnibíni ni. Àwọn aládùúgbò tó bẹ ìjọ pé kí wọ́n dín ariwo gbohùngbohùn kù láago méjì òru, inúnibíni ni wọ́n ń ṣe. Èmi náà ti sọ ọ́ rí nípa ọ̀gá kan, ó sì pẹ́ kí n tó gbà pé ìwé tí mi ò kọ lásìkò ló ń bí ọkùnrin yẹn nínú, kì í ṣe ìgbàgbọ́ mi.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi ìtàn Buganda ni pé: kí ló bí ọba nínú gan-an?

Mwanga gorí oyè ní oṣù Kẹwàá 1884, nígbà tí Mutesa bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ni. Mutesa ti lo ọgbọ́n àgbà láyé tirẹ̀: ó gba àwọn Lárúbáwá oníṣòwò láyè pẹ̀lú ẹ̀sìn wọn, ó gba àwọn òyìnbó CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dé ní 1877, ó gba àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti ilẹ̀ Faransé tó dé ní 1879, ó sì ń fi ọ̀kan dẹ́rù ba èkejì. Ẹ má sì rò pé ọlọ́kàn tútù ni Mutesa o. Ó ti gba àwẹ̀ Ràmàdáánì rí, ó ní kí àwọn ènìyàn òun máa kírun, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Mùsùlùmí kan láàfin sọ pé àwọn kò ní jẹ ẹran tí alápatà ọba pa, tí wọ́n tún ní ọba tí kò dábẹ́ kò lè ṣíwájú àwọn nírun, ó kó nǹkan bí 70 nínú wọn lọ pa ní Namugongo. Bí ọdún mẹ́wàá ló fi ṣáájú ìtàn tiwa yìí. Namugongo kan náà tí wọn yóò kó àwọn ọmọ Munyonyo lọ ni. Ó ń dùn mí pé a kì í sábà rántí àwọn wọ̀nyẹn bí a bá ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Mwanga kò ní ọgbọ́n bàbá rẹ̀, ayé sì ti yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1885 ni Jámánì kéde pé ilẹ̀ tó wà lápá etíkun ìlà-oòrùn ti di abẹ́ òun. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ogun Jámánì ti dúró sí iwájú Zanzibar tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ Súlítáànì. Àwọn Lárúbáwá oníṣòwò gbé ìròyìn náà dé ààfin kíákíá, wọ́n sì fi tiwọn kún un: àwọn òyìnbó tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ níwèé yìí, aṣíwájú ogun ni wọ́n. Ká sòótọ́, wọn kò jẹ̀bi púpọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ní 1894, Buganda di abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ nílẹ̀ náà tipẹ́ pé láti apá ìlà-oòrùn ni ẹni tí yóò gba Buganda yóò ti wá. Ibẹ̀ gan-an ni bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, James Hannington, yàn láti gbà wọlé ní 1885. Wọ́n mú un ní Busoga, wọ́n tì í mọ́lé fún bí ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá nípa àṣẹ Mwanga.

Ẹ̀rù ló wà nídìí ìbínú yìí, àti òṣèlú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kejì tún wà tó bí ọba nínú, èyí tí a kì í fẹ́ sọ lórí pẹpẹ. Ọba ń fi ipá béèrè ara àwọn ọmọkùnrin tó ń sìn ín, àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Ní Buganda, kò sí nǹkan tí kì í ṣe ti Kabaka, ìyẹn ọba: ilẹ̀, màlúù, ìyàwó, ẹ̀mí. Àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ààfin wọ̀nyí, ọmọ ìjòyè àti ọmọ ènìyàn pàtàkì ni wọ́n. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń gbéra láti di aláṣẹ lọ́la. Pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wo ojú ọba kó ní rárá, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ohun kan sì ti wà báyìí tí ọmọ náà kà sí ju ọba lọ. Èmi rò pé ibí yìí ni egbò náà jinlẹ̀ sí jù.

Joseph Mukasa ló ń darí àwọn ọmọ tó wà ní inú lọ́hùn-ún ààfin nígbà yẹn. Àwọn Baganda, ìyẹn àwọn ará Buganda, ń pè é ní Balikuddembe. Òun ló máa ń wá ọgbọ́n fi àwọn ọmọ pamọ́ bí ọba bá ń wá wọn. Ó tún lọ bá ọba lójúkojú, ó ní kí ó má pa bíṣọ́ọ̀bù náà, pé Mutesa bàbá rẹ̀ kò pa òyìnbó kankan. Ọba gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Láìpẹ́, ojú ń dun ọba, Àlùfáà Lourdel, ọ̀kan nínú àwọn Kátólíìkì ará Faransé, fún un ní oògùn, ọba lò ó, ara rẹ̀ sì dàrú lóru. Ó ní Mukasa àti òyìnbó ti fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 1885 wọ́n mú Mukasa lọ sí Nakivubo. Wọ́n ní kí wọ́n sun ún láàyè, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe ẹni tó fẹ́ pa á, ó bẹ́ ẹ lórí kó tó dáná sun ún. Ìtàn sọ pé Mukasa rán an sí ọba pé òun dárí jì í, ṣùgbọ́n kí ó ronú pìwà dà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn yóò jọ rojọ́ níwájú Ọlọ́run.

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn ni wọ́n ti pa ọmọ mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ àwọn CMS ní Busega: Makko Kakumba, Yusufu Rugarama àti Nuwa Serwanga. Wọ́n gé apá wọn kí wọ́n tó jù wọ́n sínú iná.

Lálẹ́ ọjọ́ tí Mukasa kú ni Lwanga bọ́ sípò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bójú tó ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ náà. Òun náà kò tíì ṣe ìrìbọmi. Ọjọ́ yẹn gan-an ló sáré lọ bá àwọn àlùfáà kí wọ́n tó ṣe é fún un.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi síbí, torí ó ń já irọ́ kan. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ ẹ̀yìn òyìnbó ni àwọn ọmọ yìí, pé òyìnbó ló kó sí wọn lórí. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì kó kúrò ní Buganda ní ìparí 1882, wọn kò sì padà títí di 1885, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Láàárín àkókò yẹn, kò sí àlùfáà, kò sí míṣọ́nnárì Kátólíìkì kan tó ń yọjú. Mukasa láàfin, Andrew Kaggwa tó jẹ́ olórí onílù ọba, àti Matthias Kalemba tó jẹ́ onídàájọ́ nílẹ̀ ìjòyè kan, àwọn ló ń kọ́ ènìyàn. Nígbà tí Lourdel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà dé, wọ́n bá ìjọ tó ti pọ̀ ju bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ lọ. (Mapeera ni àwọn Baganda ń pe Lourdel. Ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń pe àlùfáà ni wọ́n yí sẹ́nu tiwọn bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe.)

Ní oṣù Kejì 1886 iná jó ààfin Mengo, ọba sì kó lọ sí Munyonyo létí omi. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ó lọ dẹ erinmi. Kò rí pa. Ó padà wálé pẹ̀lú ìbínú ọdẹ tó bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ó bá ààfin tó dá páropáro. Ó pe ọmọ kan, kò sí. Ó pe òmíràn, kò sí. Mwafu ńkọ́? Ọmọ Katikkiro ni Mwafu, ìyẹn ọmọ olórí àwọn ìjòyè, ọba sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ Denis Ssebuggwawo, tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé, ọba bi Ssebuggwawo pé kí ló ń kọ́ ọmọ náà. Ó sọ ọ́. Ọba já ọ̀kọ̀ gbà, ó fi gún un lọ́rùn. Àwọn apani ló wá parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Òru ọjọ́ yẹn ni òru tí mo máa ń rò jù nínú ìtàn yìí. Àṣẹ ti jáde pé kí wọ́n ti gbogbo ẹnu ọ̀nà ààfin, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Àwọn ọmọ náà mọ ohun tó ń bọ̀. Lwanga kó wọn jọ sínú ilé, ó sì ṣe ìrìbọmi fún àwọn tí wọn kò tíì ṣe é fún: Kizito, Gyavira, Mugagga, Mbaga Tuzinde. Ó ti pẹ́ tí Kizito ti ń yọ àwọn àlùfáà lẹ́nu pé kí wọ́n ri òun bọmi, wọ́n sì ń ní kí ó mú sùúrù, ó ṣì kéré. Omi díẹ̀ láàrin òru, ẹni tí kì í ṣe àlùfáà ló ń dà á. Ilẹ̀ mọ́, ọba ránṣẹ́.

Ẹ padà wá sí ìdí ọgbà eèsún. James Buzabaliawo wà níbẹ̀, ọmọ ẹni tó ń ṣe aṣọ èèpo igi fún ọba. Ìtàn sọ pé ó dágbére fún Mwanga, ó ní òun ń lọ sókè láti lọ máa gbàdúrà fún un. Bruno Sserunkuuma, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, náà bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọmọ mìíràn tó ń jẹ́ Mukasa, Mukasa Kiriwawanvu, jáde láti inú túbú. Òun àti Gyavira ló jà, ìjà náà ló gbé e dé àtìmọ́lé. Wọn kò tíì rì í bọmi, kò sí lára àwọn tí Lwanga ṣe tiwọn lóru torí pé inú àhámọ́ ló wà. Ó kàn lè dákẹ́ ni. Bí wọ́n ti bi í, ó ní òun náà ń gbàdúrà, ó lọ dúró ti Gyavira.

Lójú tèmi, ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan yẹn láti iwájú ọba dé ìdí ọgbà ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mwanga ń bínú nítorí Jámánì, nítorí Zanzibar, nítorí erinmi tí kò rí pa, nítorí ara àwọn ọmọ tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ ya ẹni tí yóò kú sọ́tọ̀, kò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ Jámánì. Ó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ àdúrà. Ohun tó wà nínú ọba ti dàrú, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò dàrú rárá, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí: ẹ wá síbí, ẹ ó yè. Ẹni tó bá jìyà níbi tí kò sí ilẹ̀kùn, ìyà ló jẹ, kí Ọlọ́run tù ú nínú. Ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún, tó rí i pé ó ṣí, tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré lòun yóò sọ tóun yóò fi gbà á jáde, tó wá dúró síbi tó wà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun mìíràn sì nìyí. Àwọn òyìnbó tí ọba ń bẹ̀rù ìjọba ilẹ̀ wọn, Mackay ti CMS àti Lourdel, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Lourdel wà láàfin láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fẹ́ rí ọba, wọn kò gbà fún un. Ó dúró síbẹ̀ tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ kọjá níwájú rẹ̀, okùn mọ́ wọn lára, wọ́n so àwọn kéékèèké pa pọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé Kizito ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a lè mú là ń lèdí mọ́.

Ìrìn Namugongo bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń pa lára wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ponsiano Ngondwe kú ní Ttaka Jjunju lọ́jọ́ tí wọ́n gbéra. Lọ́jọ́ kejì ó kan Athanasius Bazzekuketta àti Gonzaga Gonza. Ní Munyonyo níbẹ̀, Katikkiro, bàbá Mwafu, ń wá Andrew Kaggwa, ọ̀rẹ́ ọba fúnra rẹ̀, torí ó gbà pé òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ òun ní ìgbàgbọ́. Ọba lọ́ra títí kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Katikkiro ní òun kò ní jẹun àfi tí wọ́n bá gbé apá Kaggwa wá kóun rí i. Àwọn apani ń ṣe mẹ́ta ń ṣe méjì, wọ́n rò pé bóyá ọba yóò yí ọkàn padà. Kaggwa fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tètè ṣe é, kí ebi má pa ọ̀gá wọn. Wọ́n gbé apá náà lọ.

Ti Matthias Kalemba ni n kò lè kà láìdánu dúró. Ọmọ Busoga ni, wọ́n kó o lẹ́rú láti kékeré, ó dàgbà di ẹni iyì. Ní òkè Kampala àtijọ́, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n so iṣan ẹ̀jẹ̀ náà kí ó má bàa tètè kú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú igbó. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Àwọn tó ń kọjá gbọ́ ọ tó ń tọrọ omi, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sá lọ.

Ní Mityana, wọ́n gún Noa Mawaggali amọ̀kòkò lọ́kọ̀, wọ́n sì tú ajá sí i. Munaku, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jáde lọ bá àwọn tó pa á, ó ní Kristẹni lòun náà, kí wọ́n pa òun. Wọn kò pa á, wọ́n mú un lẹ́rú. Àwọn míṣọ́nnárì ló fi ìbọn rà á padà nígbẹ̀yìn. Kò kú ní Namugongo, ó pẹ́ láyé, ó sì sin Ọlọ́run dọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àwọn Kátólíìkì 22 tí wọ́n kéde ní ẹni mímọ́. N kò mọ ohun tó kù tí ó yẹ kí ó ṣe.

Àwọn tó dé Namugongo lò tó ọ̀sẹ̀ kan nínú àbà àti ẹ̀wọ̀n, torí igi tí wọn yóò fi sun wọ́n kò tíì pé. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ìgòkè-re-Ọ̀run, igi pé. Wọ́n kọ́kọ́ yọ Lwanga sọ́tọ̀. Senkoole, ọ̀kan nínú àwọn apani, ló gbà á, ó ní òun yóò sun ún díẹ̀díẹ̀, láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè. Wọ́n ní Lwanga ni kí wọ́n jẹ́ kóun tún igi náà tò fúnra òun, ó sì tò ó. Nígbà tí iná ń jó o, ó ní bí ẹni pé omi ni wọ́n ń dà sí òun lára ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni Katonda, orúkọ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run lédè wọn.

Àwọn yòókù lé ní ogún, Kátólíìkì àti Áńgílíkà, orí ààrò kan náà. Ẹní eèsún ni wọ́n fi wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọrùn dé ẹsẹ̀, bí a ti ń wé òkú, ṣùgbọ́n ojú wọn ń ṣẹ́. Mukajanga ni olórí àwọn apani. Mbaga Tuzinde, ọmọ tó ń tọ́ dàgbà nílé rẹ̀, wà nínú ẹní kan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mukajanga ti ń bẹ̀ ẹ́: sọ pé o ò ní gbàdúrà mọ́, tàbí jẹ́ kí n fi ọ́ pamọ́, ọba ò ní mọ̀. Ọmọ náà kọ̀. Bàbá ní kí wọ́n yọ ọ́ sápá kan, kí wọ́n lù ú ní kùmọ̀ lẹ́yìn ọrùn kó kú ná, kí wọ́n tó gbé e lé iná. Àánú tó lè ṣe fún un nìyẹn.

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni wọ́n fa ọmọ mẹ́ta kúrò nínú àwọn tí wọ́n ti wé tán: Denis Kamyuka, Simeon Ssebuta àti Charles Werabe. Wọn kò sun àwọn yẹn. Ẹnu irú wọn la ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1887 ni wọ́n ń pa wọ́n. Àwọn tí orúkọ wọn wà nílẹ̀ jẹ́ Kátólíìkì 22 àti Áńgílíkà 23. Póòpù Paul Kẹfà kéde àwọn 22 ní ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 1964, Kiriwawanvu tí kò ṣe ìrìbọmi wà lára wọn, ó sì mẹ́nu ba àwọn Áńgílíkà náà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ni ìsinmi gbogbo gbò ní Uganda, àwọn ènìyàn a sì máa fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n lè bá a ní Namugongo.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìrántí yẹn, ní 5 oṣù Kẹfà 2022, Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju bọ́ǹbù sínú ìjọ Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Ó kéré tán, ènìyàn 40 kú, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Kò sí ìdí ọgbà, kò sí ẹ wá síbí. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pè wọ́n ní ajẹ́rìíkú, n kò sì bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lémi nìkan, inúnibíni ni mo máa ń pè é, torí pé ẹni tí inú ń bí wà níbẹ̀ gbangba. Ẹ̀rí tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ jẹ́, ti àràárọ̀ tí wọ́n ń múra lọ sí ìjọ ni, ọba kankan kò gbà á sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà fún mi.

Ìyókù ìtàn Buganda kò dùn ún gbọ́. Ní 1888 Kristẹni àti Mùsùlùmí para pọ̀ lé Mwanga kúrò lórí ìtẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n tú ká, àwọn Mùsùlùmí lé Kristẹni. Ní 1889 àwọn Kristẹni lọ mú Mwanga, Mwanga kan náà, wọ́n gbé e padà sórí oyè. Nígbà tó di 1892, ìran àwọn tí wọ́n jọ sun lórí ààrò kan náà, Kátólíìkì lápá kan, Áńgílíkà lápá kan, kọjú ìbọn síra wọn ní Mengo. Ẹni tó wà lẹ́yìn àwọn Áńgílíkà pẹ̀lú ìbọn Maxim ni Frederick Lugard, èyí tí àwa náà mọ̀ dáadáa, tó wá so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní 1914. Iná 1886 kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Nínú àwọn tó gbé ìbọn lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ dájú pé àwọn kan yóò wà tó mọ Kizito lójú.

Mwanga fúnra rẹ̀ dìde sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1897. Wọ́n lé e, wọ́n mú un ní 1899, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi sínú ìjọ Áńgílíkà, orúkọ tó sì gbà ni Danieri. Ó kú síbẹ̀ ní 1903. Ní 1910 wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wálé, wọ́n sin ín sí Kasubi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mutesa bàbá rẹ̀.